Ìyá Tó Ń Fi Ahọ́n Tọ́ Yanrìn Wò

Ẹni tó bá mọ Ìyá wa ní Okokomáíkò, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa kọ́kọ́ sọ nípa wọn: wọ́n máa ń jẹ yanrìn. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́ tán. Ìyá tó bí màmá mi ni wọ́n, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń tẹ̀ tà. Bí típà bá ti gbé yanrìn dé ẹnu géètì, kí wọ́n tó jẹ́ kó dà á sílẹ̀, wọ́n á bu díẹ̀ sáàárín ìka, wọ́n á fi kan ahọ́n, wọ́n á wòkè bí ẹni tó ń rántí nǹkan. Bí iyọ̀ bá wà níbẹ̀, wọ́n á tutọ́, wọ́n á ní kí dírẹ́bà máa gbé ẹrù ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ wa níbí ò jìnnà sómi. Yanrìn tí wọ́n wa nínú omi oníyọ̀ tí òjò ò tíì fọ̀ dáadáa, bí wọ́n bá fi tẹ búlọ́ọ̀kù, ògiri á máa yọ funfun, á máa rin, símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ á máa ṣí bọ́ lulẹ̀.

Wọ́n ti lọ báyìí. Mi ò sunkún títí wọ́n fi sin wọ́n. Mo jókòó níbi ìsìnkú, wọ́n gbé ìrẹsì fún mi, mo jẹ ẹ́, mo sì jẹ ẹ́ tán. Àǹtí mi kan wo àwo mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n gbójú kúrò. Ká sọ tòótọ́, kò sí nǹkan kan nínú mi. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá sùn lé apá ara ẹ̀, tó jí, tí apá ọ̀hún ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. O mọ̀ pé apá rẹ ni, àmọ́ o kàn ń wò ó ni.

Wọn ì bá fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ká ní ti ẹkún nìkan ni. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé mo gbọ́dọ̀ gbàdúrà. Láti ìgbà tí bàbá àgbà, ọkọ Ìyá, ti fi yáàdì búlọ́ọ̀kù náà sílẹ̀ fún wọn, kò sẹ́ni tó máa ń fọwọ́ kan ṣọ́bìrì níbẹ̀ kí ẹni tó ń darí iṣẹ́ tó gbàdúrà. Gbogbo wọn ló ń dúró síbẹ̀. Ràsákì tó ń wa ọkọ̀ tí a fi ń kó búlọ́ọ̀kù, Mùsùlùmí ni, á tẹ́wọ́ méjèèjì, òun ni Àmín tiẹ̀ sì máa ń ròkè jù. Kí Ìyá tó lọ, orí ibùsùn ni wọ́n wà, wọ́n ní, "Fúnmi ni kó dúró síbẹ̀." Èmi ni Fúnmi. Mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní yáàdì ọjọ́ ti pẹ́. Ó ya àwọn kan lẹ́nu, kò ya èmi, torí nígbà yẹn kò sí ohun tó ń yà mí lẹ́nu mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àǹkù Délé, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ìyá bí, pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. "Fúnmi, mi ò bá ẹ jà o," wọ́n ní. "Àmọ́ tó bá di Mọ́ńdè, tó ò bá lè dúró níwájú àwọn ọmọkùnrin yẹn kó o bá wọn ṣe bí Mọ́mì ṣe ń ṣe, màá fún àwọn tó fẹ́ máa ta ọkọ̀ níbẹ̀ nílẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ tí ò lórí, ara rẹ̀ á kàn máa jẹrà ni." Àǹkù Délé kì í ṣèèyàn búburú. Mo ní mo ti gbọ́. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ lọjọ́ náà, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé láti ọjọ́ tí Ìyá ti dákẹ́, mi ò tíì lè parí Àdúrà Olúwa tí mo ti mọ̀ láti jéléósinmi. Mo máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ á kàn tán.

Ohun tí mo ṣe láàárín Jímọ́ọ̀ sí Mọ́ńdè ni pé mo jókòó, mo ń rò wọ́n. Mi ò rò ó létòlétò. Bó ṣe ń wá náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Àdúrà wọn gan-an ló kọ́kọ́ wá. Ẹ má rò pé àdúrà tí í milẹ̀ ni. Ìyá kì í pariwo. Wọn á ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọn á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jábọ̀ fún ọ̀gá ẹ̀: "Olúwa, a ti dé o. Maṣín ńlá ti ń ké látàná, a ò mọ ohun tó ń ṣe é. Ràsákì ń wúkọ́. Ará Ìyànà-Ìbà tó ní ká tẹ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ fóun ò gbé fóònù mọ́. Èyí tá a mọ̀ la sọ yìí. Èyí tá ò mọ̀, ọwọ́ rẹ ló wà." Ó parí nìyẹn. Ibẹ̀ la ti máa ń mọ ẹni tí ara ẹ̀ ò yá àti ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílé. Bí a bá sì ti ṣe Àmín tán, wọn ò ní kúrò níbẹ̀. Wọ́n á yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n á ní, "Ó yá, ta ló mọ ohun tó ń ṣe maṣín?" Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ẹni tó ti bi Ọlọ́run léèrè, kí ló tún ń bi èèyàn sí. Wọ́n wò mí bí ìgbà tí mo bá jẹ́ kí ẹ̀wà jóná. Wọ́n ní, "Ta lo rò pé Ó máa rán wá dá mi lóhùn?"

Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ máa rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni Ìyá. Ẹnu wọn mú. Bí wọ́n bá di ọ̀rọ̀ sínú, ó di tiwọn nìyẹn. Ọkùnrin kan wà tóun náà ní yáàdì búlọ́ọ̀kù lódì kejì títì, ó fa ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa mọ́ra. Ìyá ò kí i mọ́. Ẹ gbọ́ o, wọn ò kí i: ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, lórí ìjókòó kan náà. Nígbà tí kànga ọkùnrin yẹn wá bàjẹ́, tí kò rí omi tó máa fi rin búlọ́ọ̀kù ẹ̀, tí oòrùn sì fẹ́ bà wọ́n jẹ́, Ìyá ní kí Máútín fa ọ́ọ̀sì láti ọ̀dọ̀ wa lọ bá a. Ọkùnrin Ègùn ni Máútín, láti ọ̀nà Àgbádárìgì, òun ni olórí àwọn tó ń tẹ búlọ́ọ̀kù, Mọ́mì lòun àti wọn sì ń pe Ìyá. Omi ń lọ, ọkùnrin náà sáré wá dọ̀bálẹ̀, Ìyá wo ibòmíì. Mo ní, "Ìyá, ẹ kúkú dá a lóhùn." Wọ́n ní, "Mo ti fún un lómi. Mi ò sọ pé mo ti gbàgbé."

Wọ́n bá Àǹkù Délé náà jà, lórí pátákó ẹnu ọ̀nà. Àǹkù Délé ló fi owó ara wọn ṣe é, pátákó tó dáa, orúkọ Ìyá gàdàgbà, wọ́n wá kọ MD sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n gbé e kọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá jáde, wọ́n kà á, wọ́n padà wọlé. Lọ́jọ́ kejì, akunlé kan wà lórí àkàbà, ó ń pa MD rẹ́, ó ń kọ Alábòójútó sí i. Àǹkù Délé bínú, wọ́n ní ṣé Mọ́mì fẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé gáádì ni wọ́n. Ìyá ní gáádì náà ni àwọn, wọ́n ń bá Ẹni tó ni ín ṣọ́ ọ ni. Ọmọ ẹni kì í ṣe àlejò ẹni, wọ́n pariwo lé ara wọn lórí títí àwọn tó ń lọ lójú títì fi dúró. Ohun tí mo rántí pé Ìyá sọ kẹ́yìn nìyí, ohùn wọn ti wálẹ̀ nígbà yẹn: "Délé, bí mo bá fi lè gbà pé tèmi ni, ẹ̀rù máa bà mí."

Ìgbà kan, wòlíì kan tí a ò pè wá láti ibì kan. Ó ní Olúwa fi yáàdì kejì han òun, ọ̀nà Agbára ló wà, kí Ìyá má fi falẹ̀ o. Gbogbo wa ti ń wí pé ògo. Àní Ràsákì ti ń béèrè bóyá ọkọ̀ tuntun máa bá a wá. Ìyá gbé ìjókòó fún wòlíì, wọ́n fún un ní mọ́lítíìnì tútù, wọ́n jẹ́ kó mu ún tán. Wọ́n wá dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ bá mi sọ fún Un kó sọ fún èmi náà. Àárọ̀ yìí la jọ sọ̀rọ̀, kò mẹ́nu bà á."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí. Wọn kì í gbé ẹsẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọn kì í sì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi Ọlọ́run tì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ọ̀wọ́n yanrìn fi ń dùn mí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dídùn náà ò dé ọkàn mi lọ́sẹ̀ yẹn. Mo kàn mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti ń dùn mí tẹ́lẹ̀ ni.

Àwọn tó ń wa yanrìn létí omi ní Ọ̀jọ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n ní ìjà ilẹ̀ ni. Típà ò wá mọ́, gbogbo yáàdì búlọ́ọ̀kù láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Ìyànà-Ìbà ló gbẹ. Iṣẹ́ òòjọ́ ni iṣẹ́ àwọn ọmọkùnrin yáàdì. Ọjọ́ tí wọn ò bá tẹ búlọ́ọ̀kù, kí ni wọ́n fẹ́ mú lọ sílé? Síbẹ̀ wọ́n ń wá. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jókòó sórí pákó, wọ́n á padà sílé lọ́sàn-án. Ìyá gbààwẹ̀. Àdúrà wọn kúrú sí i, kò wá ju ọ̀rọ̀ méjì lọ mọ́: "Olúwa, yanrìn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe Àmín ni típà fun fèrè ní géètì. A ò mọ dírẹ́bà náà rí. Ó ní ẹni tó ní kóun gbé yanrìn wá ti yí ọ̀rọ̀ padà, ó sì ti rẹ òun, ṣé a máa gbà á. Máútín wólẹ̀. Àwọn kan ń jó. Nígbà tí Máútín dìde, ó bu yanrìn sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e wá fún Ìyá bó ṣe máa ń ṣe. Omi ti lé sí Ìyá lójú. Wọ́n rọra ti ọwọ́ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, "Máútín, ohun tí Ọlọ́run fúnra ẹ̀ gbé wá, ṣé èmi ni màá wá máa tọ́ ọ wò? Ẹ dà á sílẹ̀." Mo wà níbẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí náà ló rí lójú mi. Ta ló máa gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọba tó máa tún un yẹ̀ wò lójú ẹ̀?

Yanrìn yẹn la fi tẹ búlọ́ọ̀kù náìnì, èyí tó nípọn tí wọ́n fi ń mọ ògiri ìta, fún Àlájà kan tó ń kọ́lé lẹ́yìn Ìbà Estate. Kò pẹ́, òjò rọ̀, oòrùn sì yọ. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù sí yáàdì nínú búlọ́ọ̀kù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ funfun bí ẹsẹ̀ tí ò rí ìpara lásìkò ọyẹ́. Ìyá dúró tì wọ́n pẹ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ahọ́n kan ọ̀kan níbẹ̀. Wọn ò tutọ́. Wọ́n gbé e mì.

Àǹkù Délé gbọ́, wọ́n sáré wá. Wọ́n ní, "Mọ́mì, wọ́n máa rẹ́ ẹ, wọ́n máa kùn ún. Kí ilé yẹn tó sọ nǹkan, ọdún á ti gorí ọdún. Ta ló máa mọ̀?" Ìyá ní, "Ẹni tó ni yáàdì ti mọ̀." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dijú. Wọ́n ní, "Ẹ lajú yín, ẹ wò mí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é. Máútín gbé e wá bá mi, èmi ni mi ò tọ́ ọ wò." Máútín bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó dákẹ́.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá lèmi àti wọn wọ̀ lọ sí Ìbà. Ògiri Àlájà ti dé ojú fèrèsé, òun fúnra ẹ̀ jókòó sábẹ́ agbòòrùn, ó ń wo bíríkìlà. Inú ẹ̀ dùn nígbà tó rí wa, ó ní kí wọ́n gbé ìjókòó wá. Ìyá ò jókòó. Wọ́n ní, "Àlájà, búlọ́ọ̀kù tí mo tà fún yín ò dáa. Iyọ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wó o, kí n gbé òmíràn wá."

Àlájà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó wá yé e, ó dìde. Ó sọ̀rọ̀ o, ó sọ̀rọ̀ gan-an, bíríkìlà sì ti dáwọ́ dúró ó ń gbọ́. Èyí tí mi ò lè gbàgbé níbẹ̀ ni pé, "Ìyá, torí pé ẹ máa ń gbàdúrà kẹ́ ẹ tó ṣiṣẹ́ ni mo ṣe fò gbogbo àwọn yòókù wá bá yín." Ìyá kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n ju Àlájà lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Àlájà ò tètè gbé wọn dìde.

Mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n sọ pé Ọlọ́run fi ìlọ́po san án fún wọn. Ẹ má retí ẹ̀. Wọ́n wó ògiri, a tẹ òmíràn, Ìyá ta maṣín kan fún ọkùnrin kan lẹ́yìn Alaba Rago ká tó lè ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ kan lọ. Àlájà gba búlọ́ọ̀kù tuntun, ó tún ń sọ fún àwọn èèyàn pé búlọ́ọ̀kù Ìyá Okokomáíkò ti bà á jẹ́ rí. Kò purọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn yìí wàásù, kó lọ wá ìparí ẹ̀ síbòmíì. Ilé Àlájà ṣáà dúró, kò yọ funfun, mo máa ń kọjá níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti rọlẹ̀, a jọ ń bẹ iṣu nílé ìdáná, mo bi wọ́n ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. "Ìyá, típà yẹn, ṣé Ọlọ́run ló rán an àbí Òun kọ́?" Wọ́n bẹ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tán, wọ́n jù ú sómi. Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ó ti fún mi láhọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀."

Bí mo ṣe rò wọ́n nìyẹn títí Mọ́ńdè fi dé.

Nígbà tí mo wọ yáàdì, gbogbo wọn ti wà níbẹ̀, wọ́n ti fọ ojú, wọ́n ti dúró bí wọ́n ṣe máa ń dúró. Àǹkù Délé wà lẹ́nu géètì, wọ́n fẹ̀yìn ti ọkọ̀ wọn. Wọ́n kí mi, mo kí wọn. Máútín ṣí fìlà. Ràsákì tẹ́wọ́. Wọ́n wá ń wò mí.

Mo ti múra àdúrà kan sílẹ̀ nílé, mo ti gbìyànjú kó dà bíi ti Ìyá: a ti dé o, báyìí báyìí ni maṣín ṣe ń ṣe. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ohùn wọn ni mo ń gbọ́ nínú ẹ̀, ó sì ń tì mí lójú bí ẹni tó wọ aṣọ olóògbé. Mo pa á tì. Mo gbọ́ tí Àǹkù Délé tún ẹsẹ̀ dúró. Láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé Ìyá ti sùn, Ìyá ti lọ sinmi, Ìyá ti gòkè lọ. Èmi náà ti ń bá wọn sọ ọ́. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, "Olúwa, Ìyá ti kú."

Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Ìyá ti kú, èmi ni wọ́n wá fi síbí. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò mọ̀ bóyá O tiẹ̀ ń gbọ́ mi." Mo wá ìyókù, kò sí ìyókù.

"Àmín," Ràsákì ní, ó ṣe é sókè bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, gbogbo wọn, títí kan Àǹkù Délé lẹ́nu géètì, bíi pé àdúrà tó pé ni mo gbà.

Máútín dé fìlà ẹ̀ padà. Ó béèrè bóyá búlọ́ọ̀kù síìsì, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, ni kí wọ́n tẹ̀ lónìí, àbí náìnì. Ìbéèrè àràárọ̀ ni, kò sí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀. Mo ní náìnì.

"Ó dáa, Mọ́mì," ó ní.

Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀, ó sì dúró. Ó ń wò mí pé kí n bínú, tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Mi ò lè ṣe èyíkéyìí. Mo fi ìdí lélẹ̀ lórí pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣín, mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn, wọ́n sì lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.